Ojú Àlejò: Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wá, Tó Ń Lọ, àti Ìlú Tó Ń Dúró

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, tìtorí yín gan-an ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń wá ọ̀nà àtijáde kí ìwé ẹ̀rí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. N kò wá bá yín wí. Èmi náà jáde, mo ṣiṣẹ́ lókè òkun kí n tó padà wá di olùkọ́. Irú iṣẹ́ kan wà tí ẹ ó bá pàdé lọ́hùn-ún. Owó rẹ̀ dára, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í jókòó kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan pàtó. Iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn wáṣẹ́ ló gbà á. Wọn á pè é lórí fóònù pé nọ́ọ̀sì kan ní ìletò kan ti lọ fún ìsinmi, òmíràn ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣé ó lè lọ dípò wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún un, wọn á fún un nílé, owó rẹ̀ a sì máa ju ti ẹni tó bá lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, ó di ibòmíràn. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe é ní Kánádà. Ní tèmi, Northern Territory ní Ọsirélíà ni mo ti ṣe é, ibẹ̀ ni n ó sì fi ọ̀rọ̀ mi mọ sí.

Ilẹ̀ náà tóbi ju gbogbo Nàìjíríà lọ. Nàìjíríà kò pé mílíọ̀nù kan kìlómítà onígun mẹ́rin, tibẹ̀ lé ní 1,300,000. Síbẹ̀ gbogbo èèyàn tó ń gbé e kò ju nǹkan bí 250,000 lọ. Àdúgbò mélòó kan ní Ìbàdàn á gbà wọ́n tán. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló jẹ́ Aboriginal, àwọn ọmọ onílẹ̀, tí àwọn baba ńlá wọn ti wà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní 40,000 ọdún. Èdè abínibí tiwọn, Warlpiri, Pintupi, Pitjantjatjara àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni Gẹ̀ẹ́sì wà. Ìletò kan lè ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, ṣọ́ọ̀bù kan, ilé ẹ̀kọ́ kan àti ilé ìwòsàn kékeré kan. Dókítà kì í gbé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń gba ẹ̀bí bí ìrọbí bá dé lójijì, òun ló ń rán ojú ọgbẹ́, òun ló ń gbé fóònù pe dókítà ní ìlú ńlá tó jìnnà tó 400 kìlómítà. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ọkọ̀ òfuurufú ló ń wá gbé aláìsàn. Ìwé atọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní CARPA, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Alice Springs ní 1992, ni gbogbo wa máa ń ṣí lórí tábìlì, tí ojú ewé rẹ̀ á ti rún nítorí ìlò.

Owó ló gbé mi débẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé àánú ló ṣe mí. Ilé mi ní Ọ̀ṣun kò tíì kan òrùlé nígbà náà.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni mo ṣe àṣìṣe tí n kò lè gbàgbé. Mo mú fáìlì, mo jáde síbi tí àwọn aláìsàn jókòó sí, mo sì fi ohùn òkè pe orúkọ obìnrin kan. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìyá àgbàlagbà kan fi aṣọ bojú. Obìnrin tó ni fáìlì náà wà níbẹ̀, kò dìde. Lẹ́yìn náà ni màmá kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ fà mí wọ yàrá oògùn, ó sì la ọ̀rọ̀ yé mi. Ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, bí èèyàn bá ti kú, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà á gba òmíràn. Láàárín àwọn Warlpiri, Kumanjayi ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ibi tí ọba kì í ti í kú wá, tó jẹ́ pé ó wàjà là ń wí, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kò síbi tí wọ́n ti ń la ọ̀rọ̀ òkú mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹnu, n kò fi béèrè.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Láti kékeré la ti ń gbọ́ òwe yìí, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ara mi ni wọ́n fi pa á.

Ẹ̀kọ́ ilé tiwa ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, n kò ní purọ́. Bí ọmọ bá ń wolẹ̀ nígbà tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti Melbourne wá a máa kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọmọ náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lára, tí mo rò pé mo ti mọ̀ wọ́n. Mo bi bàbá kan léèrè bóyá àyà ń dùn ún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá inú ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti fẹ́ pe dókítà kó rán ọkọ̀ òfuurufú. Màmá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jókòó tì í nílẹ̀, ó bá a sọ èdè wọn, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n tún sọ díẹ̀. Èjìká ló ń dùn ún, ó ti gbé igi jù. "Bẹ́ẹ̀ ni" tó ń wí, ó fi ń bu iyì fún àlejò tó ń da ìbéèrè bò ó ni.

Màmá yìí kì í ṣe ògbufọ̀, kì í sì í ṣe agbálẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní ìwé ẹ̀rí: òṣìṣẹ́ ìlera ọmọ onílẹ̀. Láti bí ọdún 1970 síwájú ni wọ́n ti ń kọ́ irú wọn níṣẹ́ ní Northern Territory. Láti 1985 ni òfin ibẹ̀ ti ń forúkọ wọn sílẹ̀, ó sì di ti gbogbo Ọsirélíà ní 2012. Òun ló mọ ilé tí ọmọ tí à ń wá sùn sí lánàá. Òun ló mọ̀ pé ọkùnrin kan àti ìyá ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sínú yàrá kan náà, nítorí ọ̀wọ̀ àna tiwọn le ju tiwa lọ, àti pé bí bàbá kan bá yọjú tó sì tún yí padà, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Ilé tí wọ́n ń fún èmi àlejò, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti fìríìjì, wọn kì í sábà fún òun ọmọ ìlú. Òun àti èèyàn mẹ́wàá ló ń gbé ilé oníyàrá mẹ́ta. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ẹni tó ń ríran là ń fi sípò ìránṣẹ́ ẹni tí kò ríran.

Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìwádìí nípa ilé ìwòsàn kékeré 53 ní Northern Territory láti 2013 sí 2015. Wọ́n rí i pé nínú àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdajì ti lọ kó tó pé oṣù mẹ́rin. Ẹyọ kan nínú márùn-ún ló ṣì wà níbi kan náà lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ fi èyí wé ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ní àìsàn ọkàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rheumatic heart disease. Ọ̀fun dídùn tàbí egbò ara ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, ó sì ń tàn kálẹ̀ níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ jù nínú ilé kan. Bí ara ọmọ bá ti ń gbógun ti kòkòrò náà, á ṣèèṣì máa ba àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn jẹ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Northern Territory wà lára àwọn tí àìsàn yìí ń mú jù lọ nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ láyé, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun orílẹ̀-èdè kan náà. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n ni abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì, ọjọ́ 28 sí ọjọ́ 28, fún ọdún pípẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà títí wọ́n fi ń di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Abẹ́rẹ́ náà nípọn, ó ń dun ọmọ wọnú egungun. Ọmọ á fara dà á bó bá mọ ọwọ́ tó ń gún un, tó mọ̀ pé ẹni yìí á kọ́kọ́ fi yìnyín pa á lára, á bi í léèrè ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́. Bó bá jẹ́ àjèjì ni yóò máa gún un lóṣooṣù, ẹ má bi mí ìdí tó fi ń sá lọ sínú igbó tó bá ti gbúròó ọkọ̀ wa.

Iṣẹ́ náà léwu fún nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ní Fregon ní ìpínlẹ̀ South Australia, wọ́n pa nọ́ọ̀sì kan, Gayle Woodford. Òfin tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, sọ pé nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dá nìkan dáhùn ìpè lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ nírú ibẹ̀, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ bi iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà yín nípa èyí kí ẹ tó béèrè owó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Pásítọ̀ John Flynn ló dá iṣẹ́ dókítà olókọ̀ òfuurufú sílẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra ní Cloncurry, ní Queensland, ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1928. Lọ́dún kejì, Alf Traeger fún wọn ní rédíò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bíi kẹ̀kẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìròyìn ọkọ̀ òfuurufú yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Àpótí oògùn tó tẹ̀ lé e ní 1942 ló wú èmi lórí jù. Wọ́n fi nọ́ńbà sára oògùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé àpótí náà sílé àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Dókítà á sọ lórí rédíò pé kí ìyá fún ọmọ ní nọ́ńbà báyìí, ìyá tí kò ka ìwé ìṣègùn rí á sì ṣe é bó ti yẹ. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń sin màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ro ire yìí fún, ó sì pẹ́ kó tó kan àwọn ọmọ onílẹ̀ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ dára: dókítà fò lọ, oògùn kù nílé.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà fi ọgbọ́n tiwọn hàn. Ní Kintore, tó lé ní 500 kìlómítà sí Alice Springs, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ máa gbé ìlú ńlá tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn àgbà ń lọ kú sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, àwọn ayàwòrán Pintupi ya àwòrán, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Sydney, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Òun ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá sílé, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Kintore ní 2004. Nọ́ọ̀sì àjèjì ṣì ń lọ síbẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ ìlú ló gbà á síṣẹ́, àwọn ló ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ṣe é. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ wà láàárín àlejò tí onílé pè àti èyí tí wọ́n kàn já lé e lórí?

Àwa náà ti rí irú èyí rí nítòsí ibi tí a wà yìí. Láàárín 1956 sí 1961, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti gbé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kalẹ̀, tó sì fi í sọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ọwọ́ ìyá ló fi sí. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá tí kò kàwé á sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tí wọ́n ń tọ́jú owó sí. Morley lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà náà ti lọ, irú káàdì yẹn sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá káàkiri ayé dòní.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ má lọ. Bí ẹ bá lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa dá yín padà síbi kan náà: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé, kí ìwọ àti ẹnìkan ṣoṣo jọ máa gbà á fún ara yín. Àwọn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ wà, àwọn ọmọdé sì ti mọ orúkọ wọn. Owó tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tí kò ní padà wá mọ́, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ nínú rẹ̀ kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́ ọmọ ìlú.

Ọjọ́ tí mo kúrò, ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ dé ní aago mẹ́wàá. Mo tẹ orúkọ àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ wọn yóò pé lọ́sẹ̀ náà jáde sórí bébà, mo kó o fún màmá yẹn. Ọmọ mọ́kànlá. Kò wo bébà náà pẹ́. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ orúkọ kan sí ìsàlẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ni, tó ti ìletò mìíràn wá bá ìyá rẹ̀ àgbà lálẹ́ àná, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà kò tíì mọ̀ pé ọmọ náà wà nílùú. A gbé àpò abẹ́rẹ́, a wọ mọ́tò, a lọ síbẹ̀ kí n tó lọ bá ọkọ̀ òfuurufú. Màmá ló gún un. Èmi di yìnyín mú.