ỌYẸ́, ERUKU ỌJÀ ÀTI ÌLERA WA
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlera. A wò ó títí, a rí i pé ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ló kàn wá jù.

Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù kejì tàbí ìkẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ nílẹ̀ wa. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń wá, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ló sì ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Nínú ọjà, a tún ń fi eruku èlùbọ́, ata gbígbẹ àti èéfín kún un. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba eruku á máa sín léraléra, omi á máa dà nímú rẹ̀, ojú á máa yún un. Ara rẹ̀ kì í sábà gbóná. Ọ̀fìnkìn lásán sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ṣùgbọ́n ti eruku kì í fẹ́ lọ tí eruku bá ṣì wà.

Kí la ó wá ṣe? Èkíní, ká wọ́n omi sílẹ̀ ká tó gbá ìsọ̀. Èkejì, tí a bá ń jọ̀ èlùbọ́ tàbí tí a ń wọn ata, ká fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Ẹ̀kẹta, tí a bá délé, ká bọ́ aṣọ ọjà, ká wẹ̀ ká tó sùn ti ọmọ. Ẹ̀kẹrin, oògùn tí wọ́n ń fín símú kó lè là, ká má lò ó kọjá ọjọ́ 5, torí imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Piriton náà ń kunni lóorun. Ẹni tó ń dín àkàrà, ẹ ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tí àyà bá ń há, tó ń dún bíi fèrè, tí ikọ́ ń jí wa lóru, ó lè jẹ́ ikọ́ fée. Ikọ́ fée kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Àwọn kan nínú wa ń tọ́jú íńhélà sábẹ́ ìró kí àna má bàa gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi tó wà han ẹni tí ẹ jọ ń tajà. Lọ́jọ́ tí èémí bá há, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu.

Íńhélà búlúù ń tú èémí sílẹ̀ ni, kì í wo inú sàn. Láti ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ lágbàáyé ti ní ká má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan. Ẹni tó bá ń fà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, kó lọ rí dókítà. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ má dúró palẹ̀ ọjà mọ́.

Láti ọdún 2023 ni owó íńhélà ti fò sókè. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìgbìmọ̀ wa pé kí owó yíyá pàjáwìrì kan íńhélà náà, láìdúró de ìpàdé oṣù. Ẹni tó bá lè mí ló lè dájọ, òun náà ló lè san gbèsè.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọdún á yabo, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.