Láísẹ́ǹsì Tí A Rà Kò Mọ Ọkọ̀ Ọ́ Wà

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ fún àwọn ará ní Máfolúkù

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí wa ní Máfolúkù, bẹ́ẹ̀ ni Oṣòdì tí ọkọ̀ gbogbo Èkó ń pàdé sí. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí ibi iṣẹ́, ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé, ìyá tó ń gbé ọjà lọ, gbogbo wọn ló ń fi ẹ̀mí wọn lé awakọ̀ kan lọ́wọ́ láràárọ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló kọ́ awakọ̀ náà? Ta ló sì dán an wò?

Ní ọdún 2023, ènìyàn 5,081 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a mọ̀ sí Road Safety, kọ sílẹ̀ pé wọ́n kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2024, iye ìjàǹbá dín kù, ṣùgbọ́n iye òkú gòkè sí 5,421. Ẹ pín in sí iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún, ẹ ó rí i pé ènìyàn bí 14 tàbí 15 ló ń kú lójúmọ́. Ó dà bí ìgbà tí dánfó kan tí èrò kún inú rẹ̀ ń gbéra láàárọ̀, tí ẹnì kan kò sì padà wálé nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, láìsí ìsinmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò pé ènìyàn bí mílíọ̀nù kan àti 190,000 ló kú lójú títì jákèjádò ayé ní ọdún 2021. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 tó ìjàǹbá ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá kàn wá, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé àwọn ayé ló ṣe é, tàbí pé ọ̀nà yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, a ó gbàdúrà kí ọkọ̀ tó gbéra, a ó ṣe àmín tó lágbára, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò bojú wo táyà. Àdúrà dára, èmi kọ́ ni n ó sọ pé kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n táyà tó ti pá yóò yọ̀ lórí omi òjò, bí a tilẹ̀ ṣe àmín. Lọ́dọọdún ni eré àsápajúdé máa ń ṣíwájú nínú àwọn ohun tí Road Safety kọ sílẹ̀ pé ó ń fa ìjàǹbá. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń tẹ eré, àjẹ́ kò bá wa tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti wúlò nìyí. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bí mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eré náà bá di kìlómítà 100, ó di mítà 28. Kí awakọ̀ tó rí ọmọ tó já sí títì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bírékì, ọkọ̀ ti lè lọ mítà 28, bírékì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ tó sì ń wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré lórí eré kìlómítà 80 ti di ojú rẹ̀ gba ọ̀nà tó tó mítà 66. Ènìyàn lè wa ọkọ̀ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí fún un rí. Ó mọ jíà, ó mọ bí a ṣe ń yà bàrá níwájú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí eré jẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tí a kò sọ fún pé ọbẹ̀ náà gbóná ńkọ́?

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ dánfó ṣe di awakọ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun ní gáréèjì, ọmọ bá a sún ọkọ̀ síwájú lórí ìlà. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ ra epo. Kò pẹ́, ọ̀gá ti ń gbé e fún un nírọ̀lẹ́ kó fi wá owó tirẹ̀. N kò fi èyí bú wọn, nítorí ọ̀dọ̀ ọ̀gá la ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kò ní dá dúró láìjẹ́ pé ọ̀gá sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un níṣojú ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí télọ̀ bá gé aṣọ bàjẹ́, aṣọ nìkan ló ṣòfò. Ẹni tó ń gbé ẹ̀mí kiri ni kò sí ẹni tó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún.

Kì í ṣe pé ìlànà kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, yóò gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, àwọn VIO yóò dán an wò, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí wọn yóò sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà àbùjá. A ó fún ẹnì kan lówó pé kó bá wa ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ tí a kò dé rí yóò fún wa ní ìwé ẹ̀rí, ìdánwò tí a kò ṣe yóò di èyí tí a yege nínú rẹ̀, fọ́tò nìkan la ó lọ yà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo mọ̀ pé fáìlì lè pé pérépéré kí òtítọ́ kankan má sí nínú rẹ̀. Láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, ojúlówó ni òǹtẹ̀ rẹ̀, ojúlówó ni nọ́ńbà rẹ̀. Awakọ̀ náà gan-an ni ayédèrú.

Ta ló sì ń rà á? Ẹ má wo ọ̀nà gáréèjì nìkan. Bàbá tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wà níbẹ̀. Arábìnrin tó ní òun kò ráyè wà níbẹ̀.

Òfin kọ́ la ṣaláìní. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, òun ló ṣagbátẹrù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n tú u ká ní ìparí ọdún 1983. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Road Safety sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Èkó dá LASTMA sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2000, Oṣòdì wa níbí sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà ìjọba Fáṣọlá ni LASDRI dé, ilé ẹ̀kọ́ tí awakọ̀ èrò ti lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àyẹ̀wò ojú.

Kí ló wá kù? Ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí. Ìròyìn tó jáde nígbà náà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín: àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò, wọ́n so ó mọ́ àgbọ̀n, wọ́n ń lọ. Ẹni tó dé igbá kò ronú nípa orí rẹ̀, owó ìtanràn ló ń sá fún. Òfin dé etí rẹ̀, kò dé ọkàn rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tí kò sí òfin lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí mọ bí a ti pa á mọ́ tó. Bí ìyà ti dájú tó ni ènìyàn ń bẹ̀rù, ju bí ó ti tóbi tó lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan tí a lè fi owó díẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ bíríìjì kò lè tún ìwà ṣe tó ìtanràn kékeré tí a san sí báńkì, tí a gba rìsíìtì rẹ̀, tí ọ̀gá ológun àti ọmọ gáréèjì jọ ń san bákan náà. Òṣìṣẹ́ tó gba rìbá jẹ̀bi. Ẹni tó nawọ́ rìbá láti inú ọkọ̀ náà jẹ̀bi, nítorí ó ń ra àyè láti lọ pa ẹlòmíràn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Èkíní, ẹ má ra láísẹ́ǹsì fún ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò, bó bá sì fìdí rẹmi, kó padà lọ kọ́ ọ sí i. Èkejì, ìjọ tó bá ní bọ́ọ̀sì, kí ó béèrè ìwé awakọ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí dókítà wo ojú rẹ̀. Kí a má sì ní kí ẹni tó bá wa ṣọ́ òru ní ìpàgọ́ wa ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà Ìbàdàn lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ èrò, ẹ tún owó tí awakọ̀ ń jẹ́ fún yín lójúmọ́ rò. Bí owó náà bá ga jù, ẹ̀yin lẹ ń tẹ eré náà láti orí àga ilé yín. Ẹ̀kẹrin, èrò ọkọ̀ ní ẹnu. Bí awakọ̀ bá ń gba wánwèé, tàbí tí òórùn páragá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà Road Safety fún pàjáwìrì ni 122. Ẹni tó bá sì ní àkókò lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti di Special Marshal, ẹ̀ṣọ́ tí kò gba owó oṣù.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.