Oògùn Tó Wà Lọ́jà àti Èyí Tí Ọwọ́ Wa Lè Tó

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ni ti oògùn àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde: èwo ló wà lọ́jà, èwo ni ọwọ́ wa lè tó?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí àwọn ọmọ yìí lára. Ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n èròjà irin inú àpò ẹ̀jẹ̀ kan tó mílígíráàmù 200 sí 250, ara kò sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti da èyí tó pọ̀ jù nù. Bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, irin náà yóò kó sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn, yóò máa bà wọ́n jẹ́. Oògùn tó ń kó o jáde wà. Deferoxamine jẹ́ abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tó ń gba wákàtí 8 sí 12. Deferasirox, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2005, jẹ́ èyí tí à ń lò lẹ́nu lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ní òkè òkun, oògùn tuntun ń jáde. Ní ìparí 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ní September 2024, Pfizer kó Oxbryta tiwọn kúrò lọ́jà káàkiri ayé. Nílé níbí, NIPRD ní Àbújá fi iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ṣe Niprisan, láti inú ìmọ̀ ìdílé Yorùbá kan. Ó jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè wọ ilé iṣẹ́ Xechem tó ń ṣe é lọ́rùn, oògùn náà sì di àwátì.

Kì í ṣe gbogbo ẹja tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ló ń wọ àwọ̀n wa. Èyí tó lè wọ̀ ọ́ ni hydroxyurea, tí ilé iṣẹ́ Bond Chemical ń ṣe ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Kò wo àìsàn náà sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín ìrora kù, ó ń dín ẹ̀jẹ̀ fífà kù, irin kò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò.

Ní Zion Pepe, ọmọ tí ara ń ro lóru ní láti dúró de ọkọ̀ kó tó dé Igbókòdá. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ya owó sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún oògùn yìí àti àyẹ̀wò rẹ̀. Kí òbí máa kọ gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí ọmọ lára sínú ìwé, kí wọ́n sì béèrè àyẹ̀wò irin lọ́wọ́ dókítà. Kí àwọn ọmọ wa mọ genotype wọn kí a tó gbọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, torí bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin kí ọmọ jẹ́ SS.

A ò ní fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ.