Òǹkà Ọmọdé: Ilé Ni A Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tí ń péjọ sí yàrá ìkàwé ní ìletò)

Ọ̀rọ̀ òǹkà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe òǹkà ti àwọn akọ̀wé báńkì ní Dùgbẹ̀, bí kò ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́.

Púpọ̀ nínú yín ni ó mọ ọjà Bódìjà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ ń kó iṣu, ẹ̀wà àti gààrí yín lọ. Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀ ní ìdí àtẹ níbẹ̀ lè rí ọmọ kékeré tí ń to ata fún ìyá rẹ̀, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Bí òkìtì kan bá jẹ́ mẹ́rin, yóò wá ọ̀kan kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kò jìnnà sí ibẹ̀, nínú ilé kan ní Àgbowó tàbí nínú Ẹ́sítéètì Bódìjà, ẹ lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka 1 dé 100 láì sinmi, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó mú àlùbọ́sà mẹ́fà wá láti inú agbọ̀n, ẹ̀kúnwọ́ ni yóò bù wá.

Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó mọ òǹkà? Ẹ má ṣe jẹ́ kí àtẹ́wọ́ tàn yín jẹ. Orúkọ lásán ni ọmọ kejì mọ̀, bí ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo ìletò ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí kò sì dé ọ̀kan nínú wọn rí. (Èmi kò wí pé kí a sọ ọmọ di ọlọ́jà o, ilé ìwé ni ipò rẹ̀.) Ọmọ tí ó mọ òǹkà mọ̀ pé ohun kan, orúkọ kan, kò ní ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní fo ọ̀kan. Ó tún mọ̀ pé orúkọ tí òun pè kẹ́yìn ni iye gbogbo rẹ̀. Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ kó kóró àgbàdo mẹ́ta síwájú ọmọ ọdún mẹ́ta, yóò sì kà pé, “Ení, èjì, ẹ̀ta.” Ẹ wá bi í pé, “Mélòó ni?” Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, iye kò tí ì yé e. Ní ọjọ́ tí ó bá dá yín lóhùn pé, “Mẹ́ta ni,” ẹ jẹ́ kí inú yín dùn. Èdè wa tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́: ẹ̀ta ni a fi ń kà, mẹ́ta ni a fi ń sọ iye, ẹ̀kẹta ni a fi ń sọ ipò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni gbogbo wọn láì ku ọ̀kan.

Ọ̀mọ̀wé Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1941 lórí bí iye ṣe ń yé ọmọdé. Ó to nǹkan ní ìlà méjì tí iye wọn dọ́gba. Nígbà tí ó fa ìlà kan gùn, àwọn ọmọ kéékèèké wí pé èyí tí ó gùn ni ó pọ̀ jù. Ẹ fi ekùrọ́ mẹ́fà mẹ́fà ṣe é, ẹ ó rí i. Wọn kì í ṣe agọ̀. Ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Kí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, kí ó tú u ká, kí ó tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òǹkà Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni ọrọ̀ wa wà. Láti 11 dé 14, a ń lé e lórí ẹ̀wá. Bí a bá dé 15, a yí ojú sí ogún, a sì ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dógún ni àrún dín nínú ogún, ẹ̀rìndínlógún sì ni ẹ̀rin dín. Àádọ́ta pàápàá, ọgọ́ta tí ó dín ẹ̀wá ni, ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń pe iṣu 45 ní iṣu márùndínláàádọ́ta ti ṣe àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ kí olùkọ́ tó fi ẹfun kan pátákó. Àwọn baba ńlá wa tí ń ka owó ẹyọ, 20,000 ni wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì ni 1,000,000 géérégé. Òótọ́ ni pé òǹkà yìí le fún ọmọ nígbà tí ó bá kọjá ogún, èmi kò ní sẹ́ ẹ. Ẹ má fi ipá tì í. Ení dé ogún tó fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́fà, bí ó bá mọ̀ ọ́n yékéyéké.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò yóò rẹ̀yìn ní Gẹ̀ẹ́sì. A ti dán èyí wò ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn, àti ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn ní Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáradára nínú ìṣirò ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ohun ńlá ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ó jọ pé láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé gbogbo ẹrù ẹ̀kọ́ lé olùkọ́ lórí. Ìyá kan yóò ní, “Èmi tí n kò kàwé, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ?” Ìyá kan náà ni ó ń ṣírò owó ọkọ̀, owó alábàárù àti èrè orí àpò ẹ̀wà láì mú bírò! Ìṣirò kò sì dà bí ìtàn tí ènìyàn lè bá ní àárín. Ọmọ tí iye kò yé yóò há àròpọ̀ sórí. Bí ó bá di pínpín, orí kò ní gbà á mọ́, olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ níwájú rẹ̀ kò sì lè dúró dè é. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni à ń pè ní olódo, bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ ni wọn kò ní.

Nítorí náà, kí ọmọ máa ka abọ́ kí a tó bu oúnjẹ: ènìyàn mélòó ni ó wà nílé, abọ́ mélòó ni ó kù? Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò rẹ̀ jẹ́ 12, ọmọ ayò jẹ́ 48. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò mẹ́fà mẹ́fà ní ìlà méjì sí ilẹ̀, kí ẹ sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ pín in ní mẹ́rin mẹ́rin sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ihò kan bá dín ní ọ̀kan tí òmíràn sì lé, ẹ má bá a tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó wá a títí yóò fi rí ibi tí ó ti ṣì í.