Ẹ Ya Fọ́tò Oko Yín ní Kùtùkùtù Ọjọ́ Ìkórè

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí eré létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa máa ya fọ́tò oko rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń yọ, ní àsìkò ìkórè, kí àdá tó kan ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi dáko kòkó fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Pèrègún ni àwọn àti ẹni tí wọ́n jọ pààlà gbìn sí ojú ààlà. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà láyé, kò sí ìjà. Lẹ́yìn ikú wọn, kátápílà tí ó ń la ọ̀nà oko hú pèrègún náà dànù. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ nìyẹn. A wá fọ́tò tí ó lè fi ibi tí pèrègún wà hàn, a kò rí ọ̀kan. Fọ́tò bàbá mi pọ̀ nílé o, ṣùgbọ́n agbádá ni wọ́n wọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, níbi ìgbéyàwó àti ìkómọ. Oko ni wọ́n fi tọ́ wa, síbẹ̀ kò sí ẹyọ kan tí àdá wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn àgbà parí ìjà náà, wọ́n pín ibi tí à ń jà sí sí méjì. Kòkó tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn gbìn wà nínú èyí tí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí ó fi jẹ́ àárọ̀? Ìdí mẹ́ta ni.

Èkíní, oòrùn àárọ̀ máa ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn. Ó ń fi ìlà ebè hàn kedere, àti ibi tí àgbàdo ti ṣubú. Lọ́sàn-án, àtàrí ni oòrùn wà, òjìji ewé á sì bo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Láti oṣù keje sí oṣù kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn ń yọ lọ́dọ̀ wa. Bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo oko, ẹ dúró kí ó ká.

Èkejì, alágbàṣe kò tíì dé, oko ṣì pé bí ó ti rí.

Ẹ̀kẹta wà fún àwọn tí àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì wọn ṣì kéré. Kòkòrò tí ń jẹ ewé àgbàdo, èyí tí ó wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2016, máa ń sá pamọ́ sí àárín ewé bí oòrùn bá mú. Ní kùtùkùtù ni ẹ lè ká a mọ́. Ẹ yà á, kí ẹ fi han òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó sún mọ́ yín.

Báwo ni a ó ṣe yà á? Ẹ fi aṣọ mímọ́ gbígbẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù, nítorí ìrì àti omi kòkó. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá kọjú sí i, oko yóò dúdú. Irú èyí lẹ́wà láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà nílùú ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ dúró sí ojú kan náà lọ́dọọdún, bóyá nídìí igi ńlá tàbí òkìtì ọ̀gán. Ẹ ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo ààlà. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn dúró sí ibẹ̀, kí gíga irè lè hàn. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́ tí fóònù ń kọ tọ̀nà. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sọ́dọ̀ ọmọ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́, torí fóònù lè já bọ́ sódò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Fọ́tò kò lè rọ́pò ìwé ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò adójútòfò àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987, èyí tí NAIC ń bójú tó: ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kí ó sì sanwó ṣáájú kò lè fi fọ́tò gba owó. Ṣùgbọ́n bí iná tàbí àgbàrá bá ba oko ẹni tí ó ti sanwó jẹ́, fọ́tò ọjọ́ tí oko dára yóò ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní kámẹ́rà ńkọ́? Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa yí oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ká láàárọ̀.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Lọ́la, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé àdá lé èjìká, ẹ dúró láàrin irè yín, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín ya ẹ̀yin náà mọ́ ọn. Àwa kò ní ti bàbá wa.

Ire oko yóò wọlé o. Ó dìgbà kan ná.