Owó Ẹ̀kọ́ Ọmọ Erékùṣù: Ta Ni Yóò San Án?

Owó tí a ó máa fi kọ́ ọ̀dọ́ erékùṣù ní ìtọ́jú igbó, ẹyẹ àti òkun ni ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ erékùṣù. Ìtọ́jú ni pé ká máa lo igbó, ẹyẹ àti òkun wọ̀nyí kí wọ́n má baà tán. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀dá erékùṣù kò níbi tí yóò sá sí. Ẹ wo St Lucia nínú òkun Caribbean, ilẹ̀ tí kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 620. Ayékòótọ́ kan wà nínú igbó rẹ̀ tí kò sí nínú igbó ibòmíràn láyé. Jacquot ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a mọ iyì ìkóódẹ lórí adé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí tètè yé wa. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó ku bíi 100 péré. Wọ́n ń yìnbọn pa á jẹ, wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ tà, wọ́n sì ń gé igi tó ń yé sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Butler, wá bá àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Owó ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Wọ́n bẹ òtẹ́ẹ̀lì kan, ó bá wọn tẹ àlẹ̀mọ́ ara mọ́tò. Wọ́n bẹ àwọn olórin, wọ́n kọrin ẹyẹ náà. Àwọn pásítọ̀ wàásù rẹ̀. Àwọn kan gbé aṣọ ayékòótọ́ wọ̀, wọ́n ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́dún 1979, ọdún òmìnira wọn gan-an, Jacquot di ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní òfin tí ìjọba gbé jáde ní 1980 ló gba ẹyẹ náà là, pé orin ọmọdé kò dá ìbọn dúró. Mo gbà pé òfin wà, ó sì múná. Ṣùgbọ́n igbó orí òkè ni ibẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò sì pọ̀. Ta ni yóò rí ọdẹ? Ọmọ ọdẹ fúnra rẹ̀ ni, ẹni tó ti ilé-ìwé dé lánàá tó ń kọrin Jacquot nídìí ààrò. Bàbá wo ni yóò gbé òkú ẹyẹ náà wọlé síwájú ọmọ yẹn? Nínú oṣù kẹjọ 1980, ìjì Allen tún wó igi igbó náà lulẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí yóò fi di 1990, ẹyẹ náà ti ju 300 lọ. Mo ti sọ èyí fún wọn nínú ìpàdé mẹ́ta, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé inú ìlú ni owó iṣẹ́ Jacquot ti wá. Èmi náà ti jẹ́ tíṣà kékeré ní erékùṣù kan nínú ọ̀sà wa, mo sì rí irú kejì. Iṣẹ́ àkànṣe kan dé láti òkèèrè. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní fìlà, a kó ogójì ọmọ jọ, a ń ka ẹyẹ, a ń gbin igi ẹ̀gbà sétí omi. Oṣù kẹsàn-án, owó tán. Kò sí owó epo ọkọ̀ mọ́. Fún odidi ọdún kan ni àwọn ọmọ náà ń bi mí pé, “Tíṣà, ìgbà wo la tún ń lọ?” Mi ò ní èsì. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Kì í ṣe owó nìkan ni ìṣòro. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú sí mi: ẹ̀yin náà ń fi ẹ̀kọ́ yìí sí ọ̀sẹ̀ ìparí táàmù, nígbà tí ìdánwò ti parí tí ọkàn ọmọ ti wà nílé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń ṣe ohun tí a kà sí.

Alága ti ń wo aago, n óò yára padà sórí owó. Ní orílẹ̀-èdè erékùṣù Seychelles, gbèsè ni wọ́n sọ di owó ìtọ́jú. Ní 2016, wọ́n ra gbèsè tó tó mílíọ̀nù 21.6 dọ́là padà pẹ̀lú ẹ̀dínwó díẹ̀, ìjọba sì ń san owó rẹ̀ báyìí sínú àpò kan nílé, SeyCCAT, tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lówó iṣẹ́ òkun lọ́dọọdún. Apá kan lára owó tí ìbá máa lọ sókè òkun ti dúró sílé.

Ní orílẹ̀-èdè erékùṣù Palau, láti 2018, 100 dọ́là wà nínú owó ọkọ̀ òfuurufú àlejò fún ìtọ́jú àyíká. Àlejò á tún fọwọ́ sí ẹ̀jẹ́ nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ẹ̀jẹ́ tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ bá wọn kọ, tó sì ń bá àwọn ọmọdé náà sọ̀rọ̀.

Ti erékùṣù Príncipe, tó sún mọ́ wa ju ìwọ̀nyí lọ, kò ní ṣeé sọ mọ́ lónìí. Ó wà nínú ìwé tí mo fi sọ́wọ́ akọ̀wé yín. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.