ỌWỌ́ ARA ẸNI LA FI Ń TÚN ÌWÀ ARA ẸNI ṢE: Ọ̀PÁ KỌ́TÌNÌ ALÁṢEFÚNRA-ẸNI



Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pá kọ́tìnì. Owó ìfẹ̀yìntì ló kàn mí. Ilé tó ní fèrèsé mẹ́jọ, ọ̀pá mẹ́jọ ló ń fẹ́. Bí a bá ní olówó ńlá la ó rà, owó oúnjẹ lè bá a lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Wáyà onísípírìngì máa ń sọ̀ láàárín bí aṣọ bá wúwo. Páìpù oníke nìkan máa ń tẹ̀, irin nìkan sì máa ń dógùn-ún, á ba aṣọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ra páìpù oníke mílímítà 20 tí àwọn oníná ń lò, kí ẹ ti irin ìkọ́lé mílímítà 12 bọ inú rẹ̀. Irin á gbé ẹrù, ike á jẹ́ kí òrùka kọ́tìnì máa yọ̀ geere. Ẹ bèèrè àjẹkù irin àti ti pákó ní Panteka.

Bí fèrèsé bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹ gé ọ̀pá sí ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ínǹṣì 6 yọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà ooru, aṣọ á kúrò lójú fèrèsé pátápátá, atẹ́gùn á wọlé. Kí káfíńtà gé pákó líle méjì, kí ó gbẹ́ ojú rẹ̀ bíi lẹ́tà U, kí a lè gbé ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ fọ aṣọ nígbà ọyẹ́ tí eruku bá dé. Bí ọ̀pá bá ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ẹ fi pákó kẹta sí àárín.

Ògiri gan-an ni kókó. Ẹ má kan ìṣó lásán mọ́ búlọ́ọ̀kù. Yanrìn rẹ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀pá á fi já lu ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré orí fèrèsé, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní líńtẹ̀ẹ̀lì, le láti lu, àmọ́ òun ló ń dì mú jù. Ẹ fi dírìlì lù ú, ẹ ki fíṣà bọ ihò náà, kí ẹ tó fi súkúrúù de pákó mọ́ ọn. Ẹ pa iná kí ẹ tó lu ògiri, kí ẹ sì yẹra fún òkè gangan ibi tí súwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, nítorí wáyà lè gba inú ògiri ibẹ̀ kọjá. Kí ẹ tó fi aṣọ kọ́ ọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀pá náà wálẹ̀ wò. Bí ó bá mì, ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé kíkà kò ní kí a má mọ súkúrúdíráfà dì mú. Ẹni tó ṣe é fún ìyá rẹ̀ lónìí lè ṣe é fún aládùúgbò lọ́la, kí ó sì gbowó. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó bá yín di téèpù mú. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ìwé fún un.

Ilé á tura o.